Ihò Mẹ́rin, Ìlà Kan

Ẹyin díndín ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

"Kí ni ẹni tí wọ́n ní kó jìnnà sí òróró ń fi ẹyin díndín ṣe lálẹ́ àná?" Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀, tó ń fi aṣọ nu àwo tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. "Ẹ ò ní gbọ́ nínú ilé yìí. Ọ̀fun yín ni yóò kó bá yín."

Àkọ́bí wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ ìyá rẹ̀ ní pálọ̀. Ọwọ́ ló fi ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ariwo má baà wọ yàrá. Aṣọ oníbàárà ni, wọ́n sì ń bọ̀ wá gbà á lónìí. Kò gbójú sókè.

"Àǹtí, ta ló dín in?"

Ẹ̀gbọ́n gbé àwo sílẹ̀. Ó mú òmíràn tí òun náà ti gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ẹ̀gbọ́n bàbá Àkọ́bí ni, kíṣíìnì ilé náà sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Òun ló dín ẹyin, òun ló sì gbé e síwájú aláìsàn, tó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, tó ń ní kí ó jẹun kí ara rẹ̀ lè gbé e. Kò sẹ́ni tó nílò láti rán an létí. Kò kàn tíì rí ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sí ni.

Nínú yàrá, ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà ká kò sórí ibùsùn bí edé inú ìkòkò. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ọ̀tún, ó gba ẹ̀yìn kọjá, ó wá jókòó sí èjìká bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá ti dé báyìí, Aránṣọ a máa di etí ibùsùn mú, a dijú, a sì máa fojú inú rán aṣọ kan: á kọ́kọ́ rán ọrùn rẹ̀, á bọ́ sí apá, á rán ẹ̀gbẹ́, á wá parí rẹ̀ sí ìṣẹ́tí. Nígbà tí yóò bá fi dé ìṣẹ́tí, ìrora á ti máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lónìí, ó ti ṣẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ àkọ́kọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó ti dé apá rẹ̀. Ìrora ò lọ. Òtútù tún ń mú un, nínú yàrá tí kò tutù.

Ọkọ rẹ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Pọ́ńbà tó ń ṣe páìpù omi ni, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ìyàwó rẹ̀ níwájú orí, ó sì tètè gbé e kúrò.

"Ṣé ó ti ń lọ?"

"Ó ń bọ̀ ni," Aránṣọ ní.

Wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n sì ti rí òkúta nínú àpò òróòro. Àpò kékeré ni àpò náà, ó so mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀ bí àpò tí a rán mọ́ inú ẹ̀wù. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, àpò ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí oúnjẹ ọlọ́ràá bá wọ inú, àpò á fún ara rẹ̀, òróòro á gba páìpù tín-ín-rín kan jáde lọ bá oúnjẹ. Tí òkúta bá wá lọ dí ẹnu páìpù yẹn, àpò á máa fún ara rẹ̀ lásán, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láti òde. Bẹ́ẹ̀, páìpù tín-ín-rín yìí kò dá wà. Ó lọ já sínú páìpù ńlá tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ yọ àpò náà gbọ́dọ̀ gé páìpù kékeré. Páìpù ńlá, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún Pọ́ńbà, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé ó yé òun. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà á, torí pé ó yé e.

Inú ògiri ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Ó ti gba ihò kékeré ti irin gígùn bọ inú ògiri àìmọye ìgbà, ó ti fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí ìwojú wo ohun tí ojú lásán ò lè rí. Ó sì ti gé páìpù ẹni ẹlẹ́ni rí, tó rò pé èyí tí wọ́n ní kó gé ni, tí omi sì gba gbogbo ilé onílé. Láti ìgbà náà ló ti ní àṣà kan. Kó tó ti irin bọ ihò, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri, á pe onílé, á ní: "Ihò kékeré la fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá ríran, ibí ni mo máa fọ́. Ṣé ẹ rí i?" Onílé tí kò bá gbà, Pọ́ńbà á kó irin rẹ̀, á lọ. Inú páànù tí ìyàwó rẹ̀ ń kó ohun ìránṣọ sí ló ti ń jí ṣọ́ọ̀kì náà. Aránṣọ a máa wá a títí, a wá máa pè é láti pálọ̀: "Olè ṣọ́ọ̀kì, ẹ dá a padà, mo fẹ́ gé aṣọ."

Ilẹ̀kùn dún. Oníbúrẹ́dì ló wọlé, aládùúgbò wọn tí ilé ìyan búrẹ́dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá, ó sì gbé búrẹ́dì tó ṣì ń gbóná dání.

"Ẹ má dá mi lóhùn, mo kàn ní kí n wò yín ni," ó ní, ó sì jókòó. Àwọn tó kàn fẹ́ wo ènìyàn kì í jókòó. "Ṣé wọn ò tíì pinnu ni? Ihò kéékèèké ni wọ́n máa gbà yọ àpò náà, àbí lílà?"

"A ń rò ó," Pọ́ńbà ní.

"Kí lẹ ń rò? Ẹ wò mí." Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìhà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní gbọgbọrọ, ó nípọn bí okùn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ara wú jáde bí ìyẹ̀fun tó ń wú nínú agolo. "Èmi, wọ́n là mí ni. Ojú rẹ̀ kẹ̀, ó ṣọyún, ó pẹ́ kí n tó lè gbé àpò ìyẹ̀fun. Títí di òní, bí mo bá húkọ́, á yọrí jáde wá kí mi." Ó húkọ́, ó sì yọrí. "Àmọ́ ẹ rí mi o. Mo wà láàyè, mo sì ń bá ọkọ mi jà lójoojúmọ́."

Aránṣọ ti yíjú síbẹ̀. Gígùn rẹ̀ kọ́ ló ń wò.

"Ta ló rán èyí?"

"Dókítà ni."

"Ó fa òwú rẹ̀ jù."

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi gbọ̀n dànù lápá rẹ̀. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti mú ojú kúrò níbẹ̀, ó ń wo ògiri.

"Èyí tó gùn náà, ẹni tó là á ṣáà rí ohun tó gé," Pọ́ńbà ní. "Ti ẹ̀gbọ́n Onígbàjámọ̀ ńkọ́? Ihò ni wọ́n dá sí i nínú. Wọ́n gé páìpù ńlá dípò kékeré, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn. Ṣebí wọ́n padà là á ni, tí wọ́n tún là á lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Ìtàn yìí, kò sí orí tí Onígbàjámọ̀ fá ládùúgbò tí kò gbọ́ ọ. 

"Ìyàwó tíṣà ńkọ́?" Àkọ́bí ti dé ẹnu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. "Ihò ni wọ́n dá sí òun náà. Kò pẹ́ tó padà sílé, a rí i tó ń gbálẹ̀."

"Ta ló ń sọ ti ìyàwó tíṣà?" Ẹ̀gbọ́n ti tẹ̀ lé e wá. "Ta ló bi ọ́?"

Bó ti rí nìyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ náà yọrí sí rere fún kò ní àpá tí yóò gbé ẹ̀wù sókè fi hàn, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ìtàn ẹni tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi," Ẹ̀gbọ́n ní. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ihò kékeré, owó ńlá, ẹ ò rí i pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀? Ìyàwó, kí o má jẹ òróró mọ́ ni."

"Ta ló dín ẹyin, Àǹtí?"

"Àkọ́bí," bàbá rẹ̀ ní.

Oníbúrẹ́dì ní bóun bá tún wá sáyé, wọn yóò tún la òun ni. Pọ́ńbà ní lílà lòun náà fẹ́, kí ojú ríran. Ẹ̀gbọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò la ìyàwó àbúrò òun bí ẹja. Wọ́n ń gba orí ibùsùn ju ọ̀rọ̀ síra wọn, ẹni tó wà lórí ibùsùn ò sì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo wọn ló mọ òwe náà. Kò kàn sẹ́ni tó dákẹ́ díẹ̀ kí ẹni tó ni ara rí àyè sọ̀rọ̀.

Ibùsùn ló dá wọn lẹ́kun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri, kó, kó, kó, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tó ń bẹ̀rù kí wọ́n ṣí i. Aránṣọ ló ń gbọ̀n. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ti ká orúnkún dé àyà, aṣọ ibùsùn sì ti tutù fún òógùn.

Àkọ́bí ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó yí ojú ìyá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú sókè, ó ń wá àwọ̀ ọsàn. Kò rí i. Funfun ni ojú náà, ṣùgbọ́n ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan.

"Ara rẹ̀ ń jó," ó ní. "Bàbá mi, iná ló wà lára ìyá mi."

Ọkọ̀ tí Oníbúrẹ́dì fi ń gbé búrẹ́dì kiri ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n jókòó sáàárín pákó tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí, òórùn búrẹ́dì sì kún ibẹ̀ débi pé Aránṣọ bì lẹ́ẹ̀mejì. Kòtò kọ̀ọ̀kan tí táyà bá kó sí, Pọ́ńbà á di ìyàwó rẹ̀ mú lábẹ́ apá, bí ẹni pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò náà.

Ní ọsibítù, wọ́n tẹ́ Aránṣọ sórí ibùsùn oníkẹ̀kẹ́ nínú yàrá tóóró kan. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀, ó so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fún un ní oògùn ìrora. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè kúrò lára ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ rẹ̀ dà?"

Pọ́ńbà bọ́ síwájú. Dókítà wọlé, obìnrin tí kò dàgbà ju Àkọ́bí lọ púpọ̀, òun náà sì dúró kọjú sí Pọ́ńbà. Aránṣọ wà láàárín àwọn méjèèjì, bí tábìlì.

"Bàbá, àpò náà ti wú, kòkòrò sì ti wọ̀ ọ́. Tí a bá fi í sílẹ̀, ó lè bẹ́ sínú. A máa yọ ọ́ lónìí. Ihò kékeré mẹ́rin la máa fi bẹ̀rẹ̀. A ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn kí ó lè gbéra sókè, kí a ráyè. Ihò kan fún kámẹ́rà, a ó máa wò ó lójú tẹlifíṣàn. Àwọn ihò yòókù fún irin tí a fi ń ṣiṣẹ́. Tí a bá gé e tán, a ó kó o sínú àpò ọ̀rá, a ó fà á gba ìdodo jáde."

Fún ìṣẹ́jú kan, nínú ẹ̀rù, ojú Pọ́ńbà tàn. Ó fẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ooru má bo dígí kámẹ́rà lójú. Ó rántí ibi tó wà.

"Dókítà, ẹ má bínú. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ rí gbogbo rẹ̀? Èmi náà ń gba ihò ṣiṣẹ́. Mo mọ bí ihò ṣe ń tanni."

Dókítà fa àga kan, ó jókòó.

"Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ihò ló sàn jù, Bàbá. Ìrora rẹ̀ kéré, ojú ọgbẹ́ kì í sábà kẹ̀, wọ́n sì máa ń tètè padà sílé. Èyí tí a là, ó máa ń pẹ́ kó tó san, ibi tí a rán sì lè wú jáde lẹ́yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ. Nínú ihò, páìpù ńlá ni ẹ̀rù wa. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gé e ṣì. Kò ṣọ̀wọ́n débi pé mo lè gbàgbé rẹ̀. Tí a bá sì là á náà, a ṣì lè gé e ṣì. Ojú ọgbẹ́ gbòòrò kọ́ ló ń ríran."

"Kí wá ni ìdáàbòbò?"

"Kí ẹni tó mú irin lọ́wọ́ mọ ìgbà tí òun ò ríran mọ́, kó sì dúró. Bí mi ò bá lè mọ èwo ni èwo nínú páìpù wọ̀nyẹn, mo máa là á."

Nígbà náà ni Aránṣọ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, gbogbo wọn sì yíjú bí ẹni pé ògiri ló fọhùn.

"Ẹ má là mí. Ihò nìkan ni mo gbà." Ó ti di apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú. "Bàbá Àkọ́bí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Pọ́ńbà, tó ti ń jà fún lílà láti òwúrọ̀, wo ọwọ́ tó di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Mo gbọ́," ó ní. "Ihò nìkan, Dókítà."

"Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀," Dókítà ní. "Tí mo bá wọlé, tí mo bá a pé ibẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, kí ni kí n ṣe? Kí n máa gé kiri nínú òkùnkùn torí pé mo ti ṣèlérí?" Ó dìde. "Mo ní ẹlòmíràn láti wò. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àpò yẹn ò ní dúró dè yín."

Nọ́ọ̀sì na bébà ìfọwọ́sí àti kálámù sí Pọ́ńbà. "Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i."

Ó gbà á, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan wà níbẹ̀ tó ń kán sínú àwo ìfọwọ́, tó, tó, tó. Ó fi ìka yí i kí ó dákẹ́. Kò dákẹ́. Rọ́bà inú rẹ̀ ló ti jẹ, kò sí ohun tí ìka lè ṣe sí i. Ó dúró tì í. Bí òun bá kọ̀wé pé ihò nìkan, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀, àpò á bẹ́. Bí òun bá kọ̀wé pé kí wọ́n là á, tí ìyàwó òun jí, tí ó bá a pé wọ́n ti là á, ojú wo lòun yóò fi wò ó? Bí kò bá wá jí ńkọ́? Ó ti yí ẹ̀rọ omi náà títí kó tó rí i pé láti òwúrọ̀, òun ò tíì bi ìyàwó òun ní nǹkan kan, àfi bóyá ìrora ń lọ.

Ó padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó gbé búrẹ́dì Oníbúrẹ́dì mọ́ àyà bí ọmọ.

"Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe ara mi," Pọ́ńbà ní. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti ìyàwó rẹ̀ dọ́gba. "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an? Kì í ṣe ti Oníbúrẹ́dì. Tìẹ."

Aránṣọ wo ikùn ara rẹ̀.

"Mi ò mọ ibi tí ọ̀bẹ máa dé," ó ní. "Wọ́n á ní kí n sùn. Tí mo bá ti sùn, wọ́n lè gé e láti ibí dé ibí. Mi ò ní sí níbẹ̀. Aṣọ lásán, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sísọ́ọ̀sì kàn án tí mi ò bá tíì fàlà sí i."

Pọ́ńbà ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò iṣẹ́, tí kò ráyè pààrọ̀, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ kan jáde, funfun, tí etí rẹ̀ ti jẹ.

Aránṣọ wò ó. "Olè ṣọ́ọ̀kì," ó ní. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì ní ohun tó ti inú àpò ṣòkòtò jáde ò gbọdọ̀ kan ikùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó lọ pe Dókítà.

"Dókítà," Aránṣọ ní, "tí ihò ò bá ríran, níbo lẹ máa gé? Ẹ má sọ ọ́. Ẹ fà á."

Dókítà wo ọkọ, ó wo ìyàwó. Lẹ́yìn náà, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí Aránṣọ. Ó mú kálámù tí wọ́n fi ń sàmì sára ènìyàn, ó fọwọ́ wá egungun ìhà, ó sì fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀, ó dagun díẹ̀, ó tẹ̀ lé ọ̀nà tí egungun gbà.

Àkọ́bí gbé orí ìyá rẹ̀ sókè kó lè rí i. Aránṣọ na àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, bó ti ń wọn aṣọ tí téèpù ò bá sí nítòsí.

"Síìpù síkẹ́ẹ̀tì ni," ó ní. "Kò gùn ju síìpù síkẹ́ẹ̀tì lọ. Ṣé ó lè jù báyìí lọ?"

"Ó lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìlà yìí ni mo máa tẹ̀ lé."

"Ẹ gbé bébà wá." Ọwọ́ tí omi ò so mọ́ ló fi mú kálámù. "Ẹ fi ihò bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ ò bá ríran, ẹ ṣí i. Ẹ má fọwọ́ wá ohun tí ojú ò rí nínú mi."

"Ọkọ ló máa ń..." Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀.

"Mo wà níbí," Pọ́ńbà ní. "Ẹlẹ́rìí ni mí." Ó sì kọ orúkọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ti ibùsùn náà lọ, Ẹ̀gbọ́n sáré bá Dókítà lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í pa àṣírí mọ́.

"Ẹyin lèmi fún un, Dókítà. Èmi ni mo dín in."

"Ẹyin kọ́ ló kó òkúta síbẹ̀, Ìyá. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dá iná."

Ẹ̀gbọ́n padà wá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ya búrẹ́dì sí méjì, ó fún Àkọ́bí ní èyí tó tóbi. Àkọ́bí gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Kò sí èyí tó jẹ ẹ́ nínú wọn.

Ìdúró náà ò ṣeé sọ. Ẹ̀rọ omi ń kán. Ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ abẹ ní fèrèsé kékeré róbótó kan tí wọ́n fi bébà bò láti inú, Pọ́ńbà ò sì mú ojú kúrò lára rẹ̀, bí ẹni pé ihò náà ni òun lè gbà wọlé lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá dún lódìkejì, Àkọ́bí á di ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mú, á sì tún fi í sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì náà ni. Ó sọ ìbòmú rẹ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín. Wọ́n ti ṣí i."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé orí. "Mo sọ ọ́," ó ní. Àkọ́bí ti dìde. Oníbúrẹ́dì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà dé, dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Pọ́ńbà lọ bá nọ́ọ̀sì, ó sún mọ́ ọn. Òógùn ti bo ètè rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́. Kí wọ́n tó gé nǹkan ni wọ́n ṣí i, àbí lẹ́yìn tí wọ́n gé e?"

"Báwo?"

"Páìpù. Ṣé wọ́n ti gé páìpù kankan kí wọ́n tó ṣí i?"

Nọ́ọ̀sì wò ó dáadáa.

"Rárá. Wọn ò tíì gé nǹkan kan. Gbogbo ibẹ̀ ló ti lẹ̀ mọ́ra. Dókítà wò ó títí, ó ní òun ò mọ èwo ni èwo, ó bá fa irin rẹ̀ jáde."

"Ó fà á jáde," Pọ́ńbà ní. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó gbójú sí ilẹ̀, ó ń mi orí. "Ó fà á jáde. Ó dára. Ó dára bẹ́ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká. Kò mọ̀ pé ìbéèrè tí àbúrò òun ti ń bá jà láti òwúrọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdáhùn.

Oòrùn ti ń lọ nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn wọlé. Àkọ́bí wo bàbá rẹ̀, ó sì jókòó padà.

Nígbà tó yá, ojú Aránṣọ ṣí díẹ̀. Rọ́bà tín-ín-rín kan ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde sínú ike, bándéèjì sì wà níbi tí aṣọ ibùsùn bò. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó gbé ọwọ́, ó ń fà á lọ sísàlẹ̀ sí ikùn, ó sì dá a dúró lágbedeméjì. Ẹ̀rù ń bà á láti dé ibẹ̀.

"Ihò ni," ó ní, "àbí ìlà?"

Pọ́ńbà mú ọwọ́ náà. Ó ti ronú lórí ohun tí yóò sọ láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti wọlé padà, kò sì rí ọ̀nà tí ó fi lè rán an kó rọ̀.

"Ìlà ni."

Aránṣọ wo òkè àjà. Omi ń kán nínú rọ́bà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ṣé ó tọ́?"

"Wọ́n jẹ́ kí n wò ó kí o tó jí, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ bándéèjì," Pọ́ńbà ní. "Orí ìlà náà ni wọ́n gbà. Kò yà síbì kankan."

"Òwú rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn ò fà á jù."

Aránṣọ dijú. Ìka rẹ̀ mì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń wá nǹkan, bí ìgbà tí ó bá ń tọwọ́ bọ páànù láìwo ibẹ̀.

"Ẹ dá ṣọ́ọ̀kì mi padà," ó ní.